Páìpù Kẹtàlá

Ìdajì ni mo rò pé ó jẹ́. Inú ìdajì yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ayé mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni, ní Òkìtìpupa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò ìjáde ilé ẹ̀kọ́ tán, ìyá mi sì rán mi lọ gba ọkọ́ tó gbé fún alágbẹ̀dẹ tún ṣe. Abà alágbẹ̀dẹ náà wà lẹ́yìn ọjà. Bàbá Alágogo ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí yàtọ̀ sí ọkọ́ àti àdá, òun ló ń ṣe agogo onípáìpù fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Á gé páìpù omi onírin sí oríṣiríṣi gígùn, á fi okùn so wọ́n kọ́ sára igi gbọọrọ kan, àwọn akọrin á sì máa fi òòlù onígi lù wọ́n bí orin bá ṣe ń lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò jù mí lọ wà nídìí fáìsì, irin tí wọ́n fi ń di páìpù mú, ó ń fi fáìlì ha ẹnu páìpù. Á ha á lẹ́ẹ̀mẹta, á lù ú, á dẹ etí, á tún ha á. Nígbà tó yá, ó so ó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù gígùn kan, ó lu àwọn méjèèjì tẹ̀ léra. Ohùn kan náà ni mo gbọ́, àmọ́ ti èkejì rí tínrín, bí ọmọ tó ń sín bàbá rẹ̀ jẹ.

Mo mọ ìṣirò dáadáa nílé ẹ̀kọ́. Mo ti kà á pé bí a bá tẹ okùn jìtá ní ìdajì, ohùn kan náà yóò jáde ní òkè. Mo wá fi ìgboyà sọ pé, "Ìdajì lo gé e sí."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìdajì kẹ̀? Bí mo bá gé e ní ìdajì, kì í ṣe ọmọ ló máa dà. Ọmọ-ọmọ ni."

Bàbá Alágogo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe tèmi, ti ọmọkùnrin yẹn ni. Mo yọ rúlà onígi tó wà nínú àpò ṣòkòtò mi, mo wọn páìpù gígùn: mìlímítà 1000. Mo wọn kékeré: 707. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbàgbé ọkọ́ ìyá mi síbẹ̀, mo padà sílé lọ gba ìbáwí. Nǹkan méjì ni mo gbé dé ilé lọ́jọ́ náà: nọ́ńbà tí n kò mọ ìdí rẹ̀, àti ìlara. Mo ti yanjú èkíní. Èkejì ni mo jókòó tì bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wo iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe.

Bí wọ́n ṣe gbà mí sí iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Igo ọtí kan, àdúrà díẹ̀, àdéhùn ọdún mẹ́fà. Ọmọkùnrin tó wà nídìí fáìsì yẹn ń jẹ́ Adéwọlé, a ń pè é ní Wọlé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó fi oṣù mẹ́jọ ṣáájú mi dé abà. Lójú Bàbá, abà ló bí wa, kì í ṣe ìyá wa. Nítorí náà, ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń sọ "ẹ" fún ẹni tí mo jù lọ, tí òun sì ń sọ "ìwọ" fún mi.

Òfin tó le jù lọ nínú abà ni pé rúlà kò gbọdọ̀ kan páìpù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, Bàbá ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń wọn páìpù. Ó gba rúlà lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú iná níwájú ẹwìrì, ó sì dúró títí ó fi jóná tán. Ẹnu Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ló fi bá mi wí. Mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá inú ìwé kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Ó ní, "Ojú ló ń ka rúlà. Ṣé ojú lo fi ń gbọ́ orin ni?" Láti ọjọ́ yẹn ni Wọlé ti sọ mí ní Rúlà. Orúkọ yẹn ló mọ́ mi lára títí dòní.

Bàbá kì í yin ènìyàn. Bí páìpù bá péye, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Ó délé." Bí kò bá péye, á kàn na ọwọ́ sí fáìlì. Tí Wọlé bá ha páìpù mẹ́wàá, ó lè gbọ́ "Ó délé" lẹ́ẹ̀mẹjọ. Èmi, mo ń rí ọwọ́ tó nà sí fáìlì. Mo lè ha páìpù kan láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kó wá kúrú jù, páìpù tó bá sì ti kúrú kò ṣeé nà mọ́. Wọlé á wá mú irú rẹ̀, á ha á bí ẹni tó ń bó iṣu, á máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lọ, á délé.

Bàbá kọ́ wa pé páìpù kọ̀ọ̀kan ní ibi méjì tó ti ń sùn. Bí ènìyàn bá fi ìka kan ibòmíì lára rẹ̀ nígbà tó ń dún, ohùn á kú. Ṣùgbọ́n tó bá kan ibi tó ti ń sùn, ohùn ò ní í mọ̀ rárá. Ibẹ̀ la máa ń lu ihò okùn sí. Wọlé máa ń fi ìka wá a, á rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi wọ̀n ọ́n níkọ̀kọ̀: lára páìpù 1000, ó wà ní 224 láti orí. Lára gbogbo páìpù, ìdá kan náà nínú gígùn rẹ̀ ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí mo ń fi pamọ́ sínú ìwé orin mi.

Bí a ṣe ń ka ohùn, bí a ṣe ń ka ọjà ni. Tí wọ́n bá ná ọjà ọrún lónìí, òní gan-an ni ọjọ́ kìíní, ọjọ́ karùn-ún ni ọjà tún bọ́ sí. Bàbá á na páìpù kan sí wa, á ní, "Ka márùn-ún." Ìyẹn ni pé dò fúnra rẹ̀ ni ẹyọ kan, re, mi, fa, só, ó di márùn-ún. Láti só, tí a bá ka mẹ́rin, só, la, ti, dò, a ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ dò. Tíṣà ìṣirò kan wà nílùú nígbà náà, ará òkè ọ̀hún, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá sí abà lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí Bàbá ń sọ pé márùn-ún àti mẹ́rin jẹ́ mẹ́jọ. Ó ní rárá o, mẹ́sàn-án ni. Wọlé wá bi í léèrè ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń lọ ọjà. Ó fi ìka ṣe àlàyé fún un pé ọjọ́ tí ọjà kan parí ni òmíràn bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ àárín yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì la kà á. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún lòun fi ń kọ́ ọmọ lórin, kò sẹ́ni tó ṣe àlàyé rẹ̀ fún òun báyìí rí.

Nígbà tó tún wá, ó mú ìwé ìṣirò ńlá kan lọ́wọ́ fún Wọlé. Wọlé ṣí i wò, ó jù ú sí mi. "Gbà, Rúlà. Èmi ò ní í kà á."

Bí mo ṣe rí olùkọ́ mi nìyẹn. Àjẹkù Wọlé ni.

Mo ka ìwé yẹn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí 707. Irin tó ń dún, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n, ohùn ọmọ sì ń gbọ̀n ní ìlọ́po méjì ti bàbá. Okùn jìtá, tí o bá pín gígùn rẹ̀ sí méjì, á gbọ̀n ní ìlọ́po méjì. Páìpù onírin kò rí bẹ́ẹ̀. Tí o bá pín in sí méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò gbọ̀n, ìyẹn ni ọmọ-ọmọ tí Wọlé sọ. Bí o bá fẹ́ ọmọ, nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí a bá fi í lọ́po ara rẹ̀ á di méjì ni kí o fi pín gígùn rẹ̀. Nọ́ńbà náà ni 1.414. Fi pín 1000, o rí 707. Ohùn karùn-ún, ìgbà mẹ́ta ló ń gbọ̀n tí bàbá bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Gígùn tirẹ̀ jẹ́ 816½. Mo jí páìpù Wọlé wọ̀n. 816½ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ rò ó wò: èmi fi oṣù mẹ́rin wá nọ́ńbà kan nínú ìwé, ẹni tí kò mọ̀ pé nọ́ńbà náà wà ti ń gé e láti ọdún tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe.

A ti parí àdéhùn wa, àwa méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ Bàbá bí ọ̀gá kékeré, nígbà tí ìjọ Aládùúrà kan ní Akotogbo wá. Páìpù mẹ́jọ la máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn fẹ́ méjìlá, kí agogo lè bá dùùrù wọn lọ níbikíbi tí olórin bá ti gbé orin. Bàbá gbé iṣẹ́ náà fún Wọlé. Ọ̀nà tí a mọ̀ kò ṣòro: bẹ̀rẹ̀ láti 1000, ka márùn-ún, gé e, láti ibẹ̀, tún ka márùn-ún, bí páìpù bá kúrú ju 707 lọ, gé bàbá rẹ̀ dípò rẹ̀. Tí o bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejìlá, o ti yí gbogbo ohùn ká, o padà sí àkọ́kọ́.

Mo ṣe é nínú ìwé mi kí òun tó ṣe é lórí irin. Páìpù méjìlá jáde dáadáa. Mo wá ṣírò ẹ̀kẹtàlá, èyí tó yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ tó padà dé, tó yẹ kó jẹ́ 1000. Ó jẹ́ 993. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. 993 àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyẹn ni pé tí a bá fi etí mú gbogbo márùn-ún kó péye, àyíká náà kò ní í padé. Ó máa ku nǹkan bíi mìlímítà méje, ibi tí méje yẹn bá sì bọ́ sí, ohùn méjì yóò máa jà níbẹ̀. Mo mọ oògùn rẹ̀ pẹ̀lú: pín méje yẹn fún àwọn méjìlá, jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìdajì mìlímítà ó lé díẹ̀ gùn ju bí etí ṣe fẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Wọlé fi ha àwọn páìpù yẹn. Èmi ni mo ń bá a di ìdí wọn mú. Mi ò sọ̀rọ̀.

Ìdúpẹ́ ìkórè ni wọ́n fẹ́ fi agogo náà ṣí, ní ọ̀sán, gbogbo ìjọ nínú aṣọ funfun. Wọlé fúnra rẹ̀ ló ń lù ú. Orin àkọ́kọ́ lọ bí omi, Bàbá dijú. Orin kejì, olórí akọrin gbé e láti ibòmíì, páìpù kejìlá àti àkọ́kọ́ sì pàdé. Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa géètì onírin tó ti dípẹtà. Àwọn ọmọdé di etí. Ìyá àgbà kan béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá ẹnìkan fi nǹkan sínú agogo náà ni. Olórí akọrin gbọ́wọ́ sókè, orin dúró. Wọlé gbé òòlù dání, ó wojú mi. Mo wo àbẹ́là tó wà lórí pẹpẹ.

Bí a ṣe ń bọ̀ nínú ọkọ̀, àwọn páìpù yẹn ń kọ lu ara wọn ní gbogbo kòtò, wọ́n ń dún dáadáa. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé, Bàbá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò wo ẹnikẹ́ni. "Etí ọmọ yìí ti bàjẹ́."

Wọlé gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Igbodigo, ó ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn àgbẹ̀. Kò ṣe agogo mọ́.

Èmi ni mo tún agogo Akotogbo ṣe. Mo gé e pẹ̀lú rúlà, níṣojú Bàbá, kò jù ú sínú iná. Mo ti pín ìdajì mìlímítà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí orin tí wọn kò lè fi lù. Mo so wọ́n kọ́, mo lù wọ́n tán, mo dúró de ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti dé abà yẹn. Bàbá ní, "Kò sí ohun tó ṣe é." Ó jókòó sídìí ẹwìrì rẹ̀. Ó kú ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún mi.

Mo jogún abà. Agogo mọ́kànlélógójì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ìwọ̀n wọn wà lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayùn irin la fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ra gíráńdà. Gíráńdà yára, àmọ́ ó ń mú irin gbóná, irin gbígbóná sì ń purọ́ fún etí, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹ fún un láàyè kó tutù kí ẹ tó gbà á gbọ́. Páìpù ayé òde òní fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, n ò sì lè fi nọ́ńbà ti ọ̀kan gé òmíràn. Fóònù dé, ó ń ka gbígbọ̀n irin sí ojú rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù dé, àwọn ìjọ ò fi bẹ́ẹ̀ béèrè agogo mọ́. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi, n ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n agogo páìpù mẹ́jọ kan wà ní Àjàgbà, Wọlé ló gé e nígbà tí a ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Èmi náà ṣe òmíràn fún ìjọ kan nílùú yẹn. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ lójú mi pé tèmi dára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti ìsàlẹ̀, ìyẹn ti Wọlé. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kò sí ìsìn, mo fi rúlà onírin wọn karùn-ún rẹ̀. 816½. Mo lù ú, mo kà á títí ohùn rẹ̀ fi tán: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Mo rìn lọ sí ìjọ kejì, mo lu tèmi. Mọ́kànlá. Mo tún padà lọ lu tirẹ̀. Tirẹ̀ ló dùn jù.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ń tú àwọn ìwé mi, mo kan ojú ewé tí mo kọ 993 sí. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Igbodigo.

Wọlé wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Mo wúkọ́ kí n tó kí i. "Rúlà dé," ó ní. "Ikọ́ rẹ ti fi ohùn kan lọ sílẹ̀." A rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó. Mo ní rárá, màá dúró sọ ohun tí mo bá wá.

"Agogo Akotogbo, mo mọ̀ pé kò ní í délé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni mo ti mọ̀."

Wọlé ní, "Nígbà tí mo ń ha ìkẹsàn-án, ara mi ò gbà á mọ́. Mo wojú rẹ, mo rí i pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo ń retí kí o sọ̀rọ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Sọ ọ́ fún mi báyìí. Ṣé etí mi ni?"

Ọdún márùndínláàádọ́ta ni ọkùnrin yìí fi rò pé etí òun ti bàjẹ́.

Mo wá jókòó. Mo ka gbogbo nọ́ńbà náà sí i létí láti 1000 títí dé 993. Mo ní kì í ṣe etí rẹ̀, nọ́ńbà ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ áńgẹ́lì ló ha á, tí gbogbo márùn-ún bá péye, mìlímítà méje á kù. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo ń retí kó bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó dìde, ó fọwọ́ wá páìpù jáde láti abẹ́ òrùlé.

"Fi rúlà rẹ sílẹ̀ níta," ó ní.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe é, bí a bá kà á bí ọjà. Èmi ń ha, òun ń gbọ́. Ó bi mí ní iye tí a ó máa jí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ní ìdajì mìlímítà ó lé díẹ̀. Ó bi mí bí ìyẹn ṣe máa ń dún. Mo ti fi gbogbo ayé mi gé e, n kò mọ bó ṣe ń dún. Òun lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ó dà bí ẹni tó sún sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹlòmíì lè ráyè kọjá. Láti ibẹ̀ lọ, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Owú tó jẹ mí lọ́jọ́ yẹn, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni.

Nígbà tí méjìlá pé, a gé ìkẹtàlá, páìpù tó jẹ́ pé inú ìwé mi nìkan ló wà rí. Mo ha á. Ó ní kí n rọra. Mo tún ha á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó so ó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, ó lu àwọn méjèèjì pọ̀, ó dorí kodò títí ohùn fi tán.

"Ó délé," ó ní.

Mo ti retí ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ débi pé n kò mọ ibi tí mo máa wò. Nígbà náà ló wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ku kó wọlé."

Mo jáde lọ mú rúlà onírin mi. Híha ìkẹyìn yẹn, èyí tí mo ṣe lẹ́yìn tó ní kí n rọra, ló fi ìdajì mìlímítà jẹ irin náà jù. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì: 999½.